Ohun tó kún ilé tí ọwọ́ kò tó

Ìbéèrè: "Mo ń darí àjọ kan tí kì í ṣe fún èrè. A ní owó ní báńkì, a ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, ìjábọ̀ iṣẹ́ wa látẹ̀yìnwá sì kún yàrá kan. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ ńlá bá yọjú, ńṣe ni a máa ń ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Nígbà míì mo máa ń wo igbó. Kò ní ọ̀gá, kò ní akápò, síbẹ̀ ohun gbogbo ń kójọ níbẹ̀, ohun gbogbo sì ń wúlò. Kí ni igbó mọ̀ tí àwa kò mọ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àjọ yín, mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti bá igbó yẹn rò. Igbó kò mọ nǹkan kan tí ẹ̀yin kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó kójọ sínú ayé yìí ni kò ṣeé lò fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ìwọ̀nba tí àwọn kan rí ṣí ni ẹ ń rí tó tutù yọ̀yọ̀ yẹn. Àwọn tí kò rí nǹkan ṣí ti kú tipẹ́, wọn kò sí níbẹ̀ kí ẹ lè kà wọ́n mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan ni kíkó nǹkan jọ, iṣẹ́ mìíràn ni sísọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò, owó iṣẹ́ kejì sì máa ń wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àjọ yín ti sanwó iṣẹ́ àkọ́kọ́. N kò rí i nínú ìbéèrè yín pé ẹ ti san ti ìkejì.

Ẹ wo náítírójìn, tí kò sí ohun alààyè tó lè kọ́ ara rẹ̀ láìsí i. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹ bá sàmì sí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, náítírójìn tó wà lókè rẹ̀ títí dé òpin òfuurufú ju tọ́ọ̀nù 7 lọ. Ewéko tó dúró sábẹ́ gbogbo rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí àìní náítírójìn, bí ẹni tó jókòó sétí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú. Méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ so pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìdè mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn. Ewéko kò ní ohun tó lè já ìdè yẹn. Àwọn bakitéríà kan ló ní in. Àwọn kan lára wọn ń gbé inú kókó tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti sóyà: ewéko ń fún wọn ní ṣúgà, wọ́n ń fún un ní náítírójìn tó ti ṣeé lò. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Kí wọ́n tó já mólékù náítírójìn kan ṣoṣo, ó kéré tán mólékù ATP 16 ni wọ́n ń ná, ATP yìí sì ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára kiri.

Ó pẹ́ kí àwa ènìyàn náà tó rí i já. Ọdún 1909 ni Fritz Haber, ará Jámánì, fi hàn pé ó ṣeé ṣe, Carl Bosch ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ BASF sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oppau ní ọdún 1913. Ooru tó ju 400°C lọ ló gbà, pẹ̀lú ìfúnpá tó ju ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kò sí ẹni tó fi náítírójìn kún afẹ́fẹ́ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n san owó lé lórí ni ṣíṣí.

Kí ilé-iṣẹ́ yẹn tó dé, ara ibi tí àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ti ń rí náítírójìn ni ìgbẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ń wú ní àwọn erékùṣù Chincha ní Peru. Òkìtì rẹ̀ ga ju mítà 30 lọ ní àwọn ibì kan. Ẹyẹ ń yàgbẹ́ ní gbogbo etíkun ayé, kí ló wá dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ló ti di òkè? Lóòótọ́, omi tútù tó ń ru sókè nínú òkun ibẹ̀ ń bọ́ ẹja púpọ̀, ẹja náà sì ń bọ́ ẹyẹ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di òkè ni pé òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń fọ̀ ọ́ lọ. (Kí ọdún 1880 tó pé, wọ́n ti wú èyí tó dára jù níbẹ̀ tán. Ẹyẹ kò lè bá ṣọ́bìrì sáré.)

Apá kan ìtàn kíkójọ nìyẹn: ohun tó bá ń jò kì í kún. Bàbà ló máa sọ apá kejì fún wa. Nínú àpáta lásán, bàbà tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan kò ju nǹkan bí 60 gíráàmù lọ. Ní ibi tí wọ́n ti ń wà á, bíi Chuquicamata ní Chile, ó máa ń tó kílógíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi gbígbóná tó tú jáde lára àpáta yíyọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló gbá a jọ, ó gbé e gba inú àwọn ilà tó là nínú àpáta gòkè, ó wá dé ibi tó ti tutù, tí ìfúnpá ti dín kù, kò lè gbé e mọ́, ó sọ ọ́ sílẹ̀ sójú kan. Lẹ́yìn náà ni òjò tún ń wọ̀ láti òkè, ó ń yọ́ bàbà díẹ̀ díẹ̀, ó ń tún un kó jọ nítòsí ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà. Bí omi yẹn kò bá rìn, bàbà yóò wà káàkiri bó ṣe wà látilẹ̀. Bí kò bá sì dé ibi tó ti lè sọ ẹrù kalẹ̀, yóò gbé e kọjá lọ.

Ìjábọ̀ tó kún yàrá yín, àpáta lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìmọ̀ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ rí kọ́ nínú iṣẹ́ kan yóò ka ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé nípa ìpàdé tó wáyé àti ọ̀gá tó ṣí i, kí ó tó rí ìlà mẹ́ta tó wúlò. Ìmọ̀ tó fọ́n ká báyìí, kò sí ẹni tó máa wà á nígbà tí iṣẹ́ bá ń lé e. Ó ń fẹ́ ohun tó ń rìn, tó lè gbá a jọ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fẹ́ ojú kan tí yóò máa kójọ sí: ojú-ìwé kan péré lórí irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn gbọ́dọ̀ tún kọ kí wọ́n tó pa ìwé iṣẹ́ náà dé.

Epo rọ̀bì ni mo máa ń fi yẹ ọ̀rọ̀ jíjò wò. Òfin rẹ̀ le. Àpáta kan wà tí epo ti ń pọ́n nínú ooru, àpáta mìíràn wà tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí epo lè sá wọ̀, ìkẹta ló wà lórí, tó dì pinpin, tó ń dá a dúró. Ní Ghawar, ní Saudi Arabia, àpáta kan tó ṣẹ́kù nígbà tí omi òkun àtijọ́ gbẹ, tí wọ́n ń pè ní anhydrite, ló bo epo yẹn mọ́lẹ̀. Níbi tí kò ti sí ìdérí, epo ti jò lọ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé ó wà rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ yín tó mọ gbogbo ènìyàn, tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn láìfi ẹnikẹ́ni mọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dì í jù. Gáàsì tó wà nínú àpáta Barnett ní Texas, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tipẹ́. Ó dì débi pé kò lè ṣàn wá sínú kànga. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ Mitchell Energy tó rí bí wọ́n ṣe lè fi omi fọ́ àpáta náà lọ́nà tó mówó wọlé. Àjọ tí gbogbo fáìlì rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ènìyàn méjì péré mọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di irú àpáta bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti alumíníọ̀mù, ó kéré ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 awọ ilẹ̀ ayé ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n parí ọ̀wọ̀n ìrántí Washington ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1884, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ṣóńṣó orí rẹ̀, nítorí pé irin olówó iyebíye ni nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, láìmọ ara wọn, rí bí a ṣe ń fi iná mànàmáná yọ ọ́, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ilẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá kà fún yín ohun tí àjọ yín "ní", ẹ bi í pé ní ọ̀nà wo la fi lè yọ ọ́, àti èló.

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ sí rèé, nítorí pé mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà.

Bí a bá jẹun tán, ara ń kó ṣúgà tó ṣẹ́kù pamọ́ ní ìrísí tí wọ́n ń pè ní glycogen. Nǹkan bí 100 gíráàmù rẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀, nǹkan bí 400 sì máa ń wà nínú àwọn iṣan. Bí ẹ bá fojú iye wò ó, iṣan ló ní jù. Ṣùgbọ́n bí ọpọlọ bá ń wá ṣúgà ní òru, iṣan kò lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kí ṣúgà tó lè kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan gbọ́dọ̀ bọ́ fọ́síféètì kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní ẹ́ńsáìmù náà, iṣan kò ní in. Ohun tó bá ti wọ iṣan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ló ni ín. Ìdá márùn-ún ni àpamọ́ yẹn lápapọ̀, ìdá kan péré ló wà fún gbogbo ara.

Ẹ wá ṣí ìwé owó yín. Nínú owó tó wà ní báńkì, mélòó ni ti ẹ̀dọ̀, mélòó ni ti iṣan? Àwọn tó ń fún irú àjọ yín lówó máa ń so ó mọ́ nǹkan: èyí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, èyí fún oògùn, èyí kò gbọdọ̀ kọjá oṣù kejìlá. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye náà á dùn létí. Iye tí ẹ lè ná lọ́la láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni iye tó yẹ kí ẹ mọ̀ lórí, n kò sì ní kà á sí ìyàlẹ́nu bí ó bá kéré gan-an. Ti òṣìṣẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ jù wà ní ẹ̀ka kan, ọ̀gá ẹ̀ka náà kò ní yá yín, kò sì burú tí kò bá yá yín, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń fi ṣúgà rẹ̀ tọrẹ kò ní lè sáré nígbà tó bá yẹ kó sáré. N kò sọ pé kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí ẹ̀dọ̀ wà: owó kan tí kò ní orúkọ ẹ̀ka lára, àti ènìyàn kan tàbí méjì tí iṣẹ́ wọn kò kún dé etí. Àwọn tó ń bójú tó ìnáwó kórìíra irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń pè é ní àfiṣòfò. Àṣìṣe wọn ni, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Bí owó àti ènìyàn bá tilẹ̀ ṣeé lò, nǹkan kékeré kan lè há gbogbo rẹ̀. Omi òkun tó yí Antarctica ká kún fún náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ewéko òkun tó ń hù níbẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn máa retí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, John Martin, onímọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà, sọ pé irin ni kò tó, irin tí ewéko kò nílò ju ìwọ̀n bíńtín lọ. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 1993, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da irin sínú apá kan òkun Pàsífíìkì nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos, níbi tí irú ìṣòro kan náà wà, ewéko sì pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀. Martin ti kú kí wọ́n tó ṣe é. Ìlànà yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn; Carl Sprengel ti kọ ọ́ ní ọdún 1828, Justus von Liebig sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀: èyí tó kéré jù ló ń pinnu bí irúgbìn yóò ṣe dàgbà tó. Àjọ tí irin rẹ̀ kò tó kì í mọ̀ pé irin ni. Ńṣe ni yóò máa wá owó sí i, yóò máa gba òṣìṣẹ́ sí i, bí ẹni ń da náítírójìn sínú òkun tó kún fún náítírójìn. Irin rẹ̀ lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí a ṣe ń kọ ìwé àdéhùn. Ó lè jẹ́ ìbuwọ́lù.

Ìmọ̀ ló ṣòro jù láti ṣí, nítorí pé ó máa ń dà bíi pé ó ti wà ní ṣíṣí. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sínú òṣùpá ní ọdún 1969, ẹ́ńjìnnì márùn-ún tí wọ́n ń pè ní F-1 ló gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V kúrò nílẹ̀. Ọdún 1973 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gbéra kẹ́yìn. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ibùdó Marshall ti NASA fẹ́ lóye ẹ́ńjìnnì náà dáadáa. Àwòrán rẹ̀ wà nípamọ́. Ìwé rẹ̀ wà. Síbẹ̀, wọ́n ní láti mú ẹ́ńjìnnì kan tó wà nílé ìpamọ́, kí wọ́n tú u, kí wọ́n wọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn wẹ́dà àti onímọ̀ ẹ̀rọ ayé ìgbà náà máa ń ṣe àtúnṣe kéékèèké lójú iṣẹ́ tí kò sí nínú àwòrán kankan. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ náà sì ti fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, wọ́n tan apá tó ń mú pọ́ńpù epo rẹ̀ yí, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe rí ìmọ̀ náà gbà padà. Kíkà nìkan kò tó wọn. Títú u ni, àti títún un ṣe. Bí àwọn ọ̀dọ́ inú àjọ yín kò bá tíì fi ọwọ́ ara wọn tún iṣẹ́ àtijọ́ kan ṣe, yàrá ìjábọ̀ yẹn kò ní bá wọn sọ̀rọ̀.

Pẹnisílìnì náà rí bẹ́ẹ̀. Alexander Fleming rí i ní London ní ọdún 1928, ó tẹ ìwé lé e lórí ní 1929, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè kà á. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kọjá kí Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley ní Oxford tó sọ ọ́ di oògùn, wọ́n sì rí i ṣe nítorí pé ẹni tó mọ kẹ́míkà, ẹni tó mọ àìsàn àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń to ẹ̀rọ pọ̀ jókòó sójú kan. Ní ọdún 1941 wọ́n fún ọlọ́pàá kan tí àrùn ti jẹ lára, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, oògùn tán, ó kú. Wọ́n tilẹ̀ ń yọ oògùn náà láti inú ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè tún fún un. Wesley Cohen àti Daniel Levinthal, àwọn onímọ̀ nípa bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń rìn, kọ ọ́ ní ọdún 1990 pé ilé-iṣẹ́ kì í lè lo ìmọ̀ tó wá láti òde bí kò bá ti ní èyí tó jọ ọ́ nínú ilé. Edith Penrose, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti sọ ohun tó sún mọ́ ọn ní ọdún 1959, ó ní ohun tí ilé-iṣẹ́ ní yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ohun náà lè ṣe fún un. N kò mọ gbólóhùn tó kù fún wa láti fi kún tirẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: títì pa náà ní èrè. Àpamọ́ tí gbogbo ènìyàn lè nawọ́ sí nígbàkigbà kì í pẹ́ tán. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní bar-tailed godwit tó ń fò láti Alaska dé New Zealand, ó ju kílómítà 11,000 lọ, láìbà, láìjẹ. Kí ó tó gbéra, ọ̀rá máa ń tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀, àwọn ẹ̀yà tó fi ń da oúnjẹ á sì súnkì, nítorí pé kò ní jẹun lójú ọ̀nà, ẹrù lásán ni wọ́n. Èyí tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni sísúnkì yẹn. Àjọ tó fẹ́ fi àpamọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá, tí kò sì fẹ́ dá iṣẹ́ kékeré kankan dúró, kò ní dé New Zealand.

Ohun tí mo máa ṣe bí mo bá wà nípò yín rèé. Mi ò ní wá owó tuntun fún oṣù mẹ́ta, mi ò sì ní rán ẹnikẹ́ni lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Màá mú iṣẹ́ ńlá tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kẹ́yìn, màá jókòó pẹ̀lú àwọn tó wà nídìí rẹ̀, a ó sì kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà nílò tí a sì ní lọ́jọ́ yẹn: owó náà, ènìyàn náà, ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó tọ ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a rí ibi tó há sí. Ọjọ́ mélòó ni owó fi dúró de àyè? Ta ni òṣìṣẹ́ tó mọ ọ̀nà náà, ta sì ni kò jẹ́ kó wá? Ìjábọ̀ wo ló ní ìdáhùn nínú tí ẹnikẹ́ni kò ṣí? Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé yẹn di ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí pé ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé tábìlì yín ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ipa yẹn yóò já sí.